Ilé Bàálẹ̀ Yí Ojú Padà

Kí n tó dé ilé Bàálẹ̀ Oyèlẹ́yẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ti de Ògúnjọbí mọ́ igi ọsàn bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu. Ọ̀mọlé ni Ògúnjọbí. Ogún ọdún ni èmi àti òun ti jọ ń ṣiṣẹ́: òun á mọ ògiri, èmi á rẹ́ ẹ. Amọ̀ àná ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Ó wò mí.

"Kí ló ṣe?" ni mo béèrè.

Àwọn ará àdúgbò ti pé jọ síbẹ̀. Ìka ni wọ́n ń nà sí ilé. Abọ́dúndé, ọ̀gbùfọ̀ Kọmáńdà Faransé, ló dúró ní ẹnu ọ̀nà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Mùsé, bí a ṣe ń pe òyìnbó, ni gbogbo ìlú ń pè é nítorí bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n nígbà tí imú rẹ̀ ń ṣàn, n ò rí Mùsé kankan níbẹ̀. Mo ká ẹní tí wọ́n fi bo ẹnu ọ̀nà tuntun tí a gé lánàá sókè, mo kọjá lára rẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, díẹ̀ ló sì kù kí n já sí kòtò.

Sàréè ni. Sàréè Ìyá Bàálẹ̀, tí a sin sínú yàrá yẹn ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Wọ́n ti hú u, erùpẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òkú kò sí níbẹ̀ mọ́. Iyùn ọrùn rẹ̀ tí wọ́n fi sin ín, tí gbogbo ìlú Àjà-Wẹ̀rẹ̀ mọ̀, òun náà kò sí.

"O ti rí i báyìí," ni Abọ́dúndé wí. "Ọ̀rẹ́ rẹ ló jí iyùn òkú. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn gáàdì Kọmáńdà á dé láti Pọbẹ̀ wá mú un lọ."

Ẹni tí àwọn gáàdì bá mú lọ sí Pọbẹ̀ nígbà náà, títì ló ń lọ là. Òkúta ni yóò máa rù. Mo mọ ọkùnrin mẹ́ta tó lọ, mo mọ ẹnìkan tó bọ̀, kò sì lè na ẹ̀yìn rẹ̀ tán mọ́. Ògúnjọbí sì ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún.

Ẹfúnwùmí lorúkọ mi. Arẹ́lé ni mí, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí adìyẹ ẹnìkan bá sọnù ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀, tàbí tí ìyàwó méjì bá ń fẹ̀sùn kan ara wọn, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Ẹni tó bá fi ọgbọ̀n ọdún fọwọ́ pa ògiri, kò sí ibi tó wú tàbí ibi tó jìn tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní mọ̀. Ọ̀rọ̀ ènìyàn náà ní ibi tó wú.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé náà ṣe rí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Bàbá Oyèlẹ́yẹ ló kọ́ ọ. Ilé ilẹ̀ ni, koríko ni òrùlé rẹ̀, yàrá yí àgbàlá ká, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, kò sì ní fèrèsé kankan. Ojú rẹ̀ kọ sí ọ̀nà Kpúlú àti ọjà. Ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí igbó. Kò sí ẹni tó ráhùn sí i rí, títí àwọn Faransé fi dé, tí wọ́n sì la títì gba inú igbó yẹn gan-an. Ọdún kejì ni Kọmáńdà gba títì náà wá láti Pọbẹ̀, ó rí ilé Bàálẹ̀, ó ní èwo ni kí olórí ìlú máa kọ ẹ̀yìn sí ìjọba. Ó ní ilé náà ti di ti àwọn ará àtijọ́. Ó ní kí wọ́n dí ẹnu ọ̀nà àtijọ́, kí wọ́n gé òmíràn sí apá títì, kí wọ́n lu fèrèsé, kí wọ́n wó ògiri tó la yàrá méjì láàárín kó di yàrá àlejò ńlá, kí wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní tóòlù bo òrùlé.

Bàálẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ló máa ń ní.

Ó kó àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé àna rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Koríko tí a tú lórí ilé, ibi ẹnu ọ̀nà àtijọ́ ni a kó o dà sí. A dí ẹnu ọ̀nà yẹn dé ìwọ̀n àyà ènìyàn, ó kù kó gbẹ ká tó fi kún un. Àná, nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, Ògúnjọbí gé ẹnu ọ̀nà tuntun. Àárín ògiri ló ti sàmì sí láti ọjọ́ kìíní. Abọ́dúndé ní rárá, ó ní kó dojú kọ òpó àsíá Faransé tó wà ní títì gan-an kí inú Kọmáńdà lè dùn. Bí wọ́n ṣe sún un sí apá òsì nìyẹn, títí dé yàrá ìkángun, yàrá ẹ̀yìn tí sàréè wà. Àwa mẹ́rin ló wà níbẹ̀: Bàálẹ̀, Abọ́dúndé, Ògúnjọbí àti èmi. Wọ́n ta ẹní bo gbogbo ògiri náà, ihò kò hàn, kálukú sì lọ wẹ̀, lọ jẹun.

*

"Ta ló rí Ògúnjọbí?" ni mo bi Abọ́dúndé.

"Ìyá Málọmọ́. Ó ń lọ síbi ẹkù epo rẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó ní òun rí ọkùnrin kan ní ojú ilé Bàálẹ̀, ó gbé ẹrù funfun dání. Ta ló ń sùn ní ojú ilé, tó ń ṣọ́ tóòlù lábẹ́ àtíbàbà?" Ó na ìka sí igi ọsàn. "Òun náà nìyẹn."

"Níbo ni ẹrù ọ̀hún wà?"

"Ó ti gbé e pamọ́."

"Iyùn ló wá jí?"

"Kí ló tún wà níbẹ̀?"

"Olè iyùn á já iyùn lọ́rùn òkú, á sì sá. Wo inú kòtò yìí. Egungun ìka kan kò ṣẹ́kù síbẹ̀. Wọ́n ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ṣa ẹ̀wà. Olè wo ló ní sùúrù báyẹn?"

"Ó fẹ́ fi ṣe oògùn ni."

"Ògúnjọbí? Ẹni tí kò lè pa adìyẹ láìbẹ ìyàwó rẹ̀ kó wá bá òun dì í mú?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín níta. Abọ́dúndé kò rẹ́rìn-ín. Mo lọ bá Ògúnjọbí lábẹ́ igi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan?"

"Ẹfúnwùmí, mo gé ògiri láti àárọ̀ dé alẹ́. Bí wọ́n bá gbé èmi gan-an lọ, n ò ní gbọ́." Ó rọra yí ọwọ́ rẹ̀ nínú okùn. "Ìyá yẹn ló ń fún mi ní omi nígbà tí mo wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́. Ṣé wọ́n rò pé mo lè fọwọ́ kan án?"

Mo padà sínú ilé.

*

Mo gbà pé mo kọ́kọ́ ṣìnà. Nínú amọ̀ tútù tó wà ní ìdí fèrèsé yàrá kejì, mo rí ojú ẹsẹ̀ bàtà. Ní gbogbo Àjà-Wẹ̀rẹ̀, ẹni mélòó ló ń wọ bàtà? Mo pe Abọ́dúndé wọlé.

"Gbé ẹsẹ̀ rẹ lé e."

"Kí ni mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ lé e fún?"

"Gbé e lé e!"

Ó gbé e lé e. Ó bá a mu rẹ́gí. Òógùn bo imú rẹ̀.

"Ìgbà wo lo wá síbí? Àná, nígbà tí a ń gé ẹnu ọ̀nà, o kò wọ yàrá yìí."

"Mo padà wá lẹ́yìn tí ẹ lọ. Ilẹ̀ kò tíì ṣú."

"Kí lo wá ṣe?"

Ojú rẹ̀ sá lọ síbì kan, ojú mi sì tẹ̀ lé e. Lára ògiri tí mo ti fi ọwọ́ ara mi rẹ́ láàárọ̀ àná, tí mo fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ omi àti ìgbẹ́ màlúù ra kó lè jọ̀lọ̀, ẹnìkan ti fi ìṣó kọ nǹkan gbàgàdà-gbagada sí i. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi.

"Kí ni èyí?"

"Orúkọ mi," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Kí Kọmáńdà lè mọ ẹni tó bójú tó iṣẹ́ náà."

Mo fẹ́ gbá a létí. Olúwa ló bá mi di ọwọ́ mi mú. Ọkùnrin kan wà lókùn níta, èyí sì wà níbí tó ń fi ìṣó ba ògiri mi jẹ́ nítorí ìyìn! Síbẹ̀ mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Òpònú ni, kì í ṣe ẹni tó hú òkú.

"Nígbà tí o wá, ṣé ilẹ̀ yàrá ìkángun yẹn ti ṣí?"

"Rárá. Ó wà bó ṣe wà. Mo gba orí rẹ̀ kọjá."

O gba orí rẹ̀ kọjá. Mo ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ, kò mọ ohun tó sọ. Bàtà ti gba orí Ìyá Bàálẹ̀ kọjá ní ọjọ́ kìíní tí wọ́n gé ẹnu ọ̀nà yẹn.

*

Ariwo sọ níta. Àlàgbé ti dé láti oko rẹ̀ ní Kpúlú, Fábọ̀dé tí Bàálẹ̀ rán sí i ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Àbúrò Bàálẹ̀ ni Àlàgbé, ọmọ ìyá kan náà. Ó ti ń bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí àtúnṣe ilé yìí láti oṣù méjì. Ọjọ́ tí wọ́n ru tóòlù àkọ́kọ́ dé ló búra lójú gbogbo ènìyàn pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ilé náà mọ́ títí wọ́n fi máa dá a padà sí bó ṣe wà. Lóòótọ́, kò sí ẹni tó rí i níbẹ̀ láti ìgbà náà.

Ó dúró ní títì, kò sún mọ́ ilé. Bàálẹ̀ fúnra rẹ̀ jáde láti abẹ́ àtíbàbà, ojú rẹ̀ wú. Àlàgbé fi ọwọ́ lé orí, ó ń ké:

"Oyèlẹ́yẹ! Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn báyìí? O gbé ìyá wa sí ẹnu ọ̀nà kí àwọn oníbàtà máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀! Ṣé o ti rí i bó ṣe kọ ilé sílẹ̀ fún ọ?"

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Èmi kò sunkún. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi léyín bí òkúta inú ìrẹsì. Mo wé gèlè mi le, mo lọ bá Ìyá Málọmọ́ níbi ẹkù rẹ̀.

*

Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn, epo dé orókún rẹ̀. Arúgbó ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì darúgbó.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Ọkùnrin tí ẹ rí láàárọ̀ yìí ńkọ́?"

"Mo ti sọ fún Mùsé. Ojú ilé ni mo ti rí i."

"Ojú ilé wo, Ìyá?"

Ó dúró, ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. "Ojú ilé mélòó ni ilé kan ní, Ẹfúnwùmí? Ojú ilé tí a gbà mú Ìyá Bàálẹ̀ wọlé nígbà tó jẹ́ ìyàwó. Mo wà lára àwọn tó sin ín dé ibẹ̀."

"Ibi tí a kó koríko sí?"

"Ibẹ̀ náà ni. Ẹ ti sọ ọ́ di ààtàn."

"Apá títì ńkọ́, ibi tí tóòlù wà?"

"Ẹ̀yìnkùlé nìyẹn. Kí ni màá lọ ṣe ní ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn ní kùtùkùtù?"

Mo jókòó sórí odó tó dojú dé. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi de ènìyàn mọ́ igi! Arúgbó sọ pé ojú ilé, ọ̀gbùfọ̀ gbọ́ ojú ilé, ọ̀kan ń sọ ti ogójì ọdún, ọ̀kan ń sọ ti àná. Iṣẹ́ ọmọ yẹn ni láti gbé ọ̀rọ̀ láti èdè kan sí èdè kejì, kò sì gbọ́ èdè ìyá ara rẹ̀.

"Kí ni ọkùnrin náà ń ṣe?"

"Ó gun ògiri tí ẹ fi ń dí ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ síta. Ó gbé nǹkan funfun mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Mo kí i, kò dáhùn. Ojú mi kò gbé e dáadáa, funfun yẹn ni mo rí."

"Ẹ ṣeun, Ìyá."

"Ṣé wọ́n á tú Ògúnjọbí sílẹ̀? Òun ló mọ ilé ìdáná mi."

"Wọ́n á tú u sílẹ̀," ni mo wí, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré.

*

Oòrùn ti ń sún mọ́ àtàrí. Mo pe gbogbo wọn jọ. Fábọ̀dé ni mo kọ́kọ́ bi.

"Kí ni o sọ fún Àlàgbé nígbà tí o dé oko rẹ̀?"

"Mo ní wọ́n ti hú òkú ìyá wọn, kí wọ́n máa bọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"O kò sọ ibi tí ẹnu ọ̀nà tuntun wà?"

"Èmi gan-an kò mọ ibi tó wà. Àárín ni gbogbo wa gbọ́. Ẹní nìkan ni mo rí tí wọ́n ta bo ògiri."

Mo yíjú sí Àlàgbé. "Níbo ni wọ́n sin ìyá rẹ sí?"

"Kí ló dé tí ò ń bi mí ní ohun tí o mọ̀? Ní yàrá ẹ̀yìn."

"Yàrá ẹ̀yìn ni gbogbo wa ń pè é. Ọdún mẹ́jọ ni a ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí o dé lẹ́ẹ̀kan, tí o dúró ní títì, o ní Bàálẹ̀ gbé ìyá yín sí ẹnu ọ̀nà. Àná, ní ìrọ̀lẹ́, ni yàrá yẹn di ẹnu ọ̀nà. Àwa mẹ́rin la mọ̀. Ẹni tó búra láti oṣù méjì pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ibí mọ́, ta ló wá sọ fún un?"

Àlàgbé ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ tẹ̀ lé mi," ni mo wí.

A yípo ilé lọ sí ojú rẹ̀ àtijọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa koríko kúrò ní ìdí ògiri. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀. Ó tutù. Ẹnìkan ti gbẹ́ ibẹ̀, ó ti dí i, ó fi omi wọ́n ọn, ó sì fi ọwọ́ pa á títí ó fi jọ̀lọ̀. Olè kì í pa ilẹ̀ dán.

Àlàgbé wó lulẹ̀ sórí koríko.

"Ẹ má hú u! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hú u mọ́. Iyùn rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀." Ẹkún ń gé ohùn rẹ̀. "Mo wá lánàá láti bá ẹ̀gbọ́n mi jà. N kò bá ẹnìkan. Mo ká ẹní yẹn, mo sì rí i. Ẹni yòówù kó wọlé, àyà ìyá mi ni ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ máa bọ́ sí. Nígbà tí àkùkọ kọ mo padà wá, mo gba ibí wọlé. Ẹ̀yìn ilé ni a sin ín sí. Nígbà tí wọ́n yí ẹ̀yìn ilé, mo ní kí òun náà bá a yí."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, n kò ní purọ́. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, èmi fúnra mi ì bá bá a kó koríko náà padà.

"Nígbà tí o dé láàárọ̀ yìí," ni mo wí, "ṣé o rí Ògúnjọbí lábẹ́ igi?"

"Mo rí i."

"O sì dákẹ́."

"Mo bẹ̀rù Kọmáńdà. Mo rò pé tó bá yá wọ́n á tú u sílẹ̀."

"Àlàgbé! O gbé òkú mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, o wá fi alààyè sílẹ̀ nínú okùn!"

Bàálẹ̀ wúkọ́. "Ẹfúnwùmí, ó tó."

Kò tó. "Ẹ̀yin náà, Bàálẹ̀! Ẹ dúró níbẹ̀ lánàá nígbà tí wọ́n ń sún ẹnu ọ̀nà. Ẹ mọ ẹni tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, mo panu mọ́, mo ní ọmọ òkú ló yẹ kó sọ̀rọ̀, ìyẹn á sì máa dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lọmọ òkú. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ ní. Nígbà tí wọ́n ní Ògúnjọbí ló jalè, Ògúnjọbí tó mọ bàbá yín, bẹ́ẹ̀ ni lẹ tún ní!"

Kò sí ẹni tó bá Bàálẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí rí. Ó wo ilẹ̀.

*

Gáàdì méjì ló dé, wọ́n dé fìlà pupa. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, mo ti fa Abọ́dúndé létí.

"Sọ fún wọn pé kò sí olè. Ìyá Bàálẹ̀ ló pààrọ̀ yàrá."

"Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dára. Èmi á mú wọn lọ wo ohun tí wọ́n fi ìṣó kọ sára ògiri Kọmáńdà."

Ó lọ bá wọn, ó sọ Faransé rẹ̀ fún wọn. N kò mọ ohun tó sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mu ẹmu, wọ́n lọ.

Wọ́n tú Ògúnjọbí sílẹ̀. Okùn ti bó ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Bàálẹ̀ ní, "Ọ̀rọ̀ ti tán. Ògúnjọbí, mú ọkọ́ rẹ, ẹnu ọ̀nà ń dúró."

Ògúnjọbí mú ọkọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Ó mú ìwọ̀n rẹ̀, ó mú igbá omi rẹ̀, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ. Èmi náà fọ ọwọ́ mi. Mo sọ fún Bàálẹ̀ pé bí kò bá lọ bẹ ọkùnrin yẹn, kí Kọmáńdà wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ògiri tó kù. Mo sọ fún àwọn arẹ́lé yòókù pẹ̀lú. Kò sí ẹni tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àlàgbé kò dúró de ọ̀la. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló lọ dọ̀bálẹ̀ ní ojú ilé Ògúnjọbí, lójú ìyàwó àti ọmọ. Bàálẹ̀ lo ọjọ́ mẹ́rin.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo wà ní ilé Ògúnjọbí, mo ń fi epo pa ọgbẹ́ ọwọ́ rẹ̀, nígbà tí a gbọ́ ẹsẹ̀ láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé. Bàálẹ̀ ni. Ó ti ṣí fìlà rẹ̀, ó ká a mọ́wọ́, ó gba inú oko wá kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

"Ògúnjọbí," ló wí, "mo wá bẹ̀ ọ́."

Ògúnjọbí kò gbé orí sókè. Ó na ọwọ́ kejì sí mi kí n fi epo pa á.

"Ẹ káàbọ̀, Bàálẹ̀," ló wí. "Ẹ̀yìnkùlé ni ibi tí ẹ dúró sí yẹn. Ojú ilé tèmi ṣì wà níbi tó wà."

Bàálẹ̀ yípo ògiri, ó lọ sí iwájú. Ọjọ́ ọjà ni, gbogbo Àjà-Wẹ̀rẹ̀ sì ń kọjá níbẹ̀.